Bí Mẹ́táàlì Ṣe Ń So Mọ́ Èyí Tí Kì Í Ṣe Mẹ́táàlì: Ìtọ́sọ́nà Ìdè Áyọ́ọ̀nù Láti Orí Iyọ̀ Ọbẹ̀

Bí ẹ bá ṣí ìwé kẹ́mísírì akẹ́kọ̀ọ́ SS1 ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá gbólóhùn yìí: "Sódíọ́ọ̀mù fún kílóríìnì ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kí àwọn méjèèjì lè ní mẹ́jọ." Gbólóhùn náà lè gba máàkì, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó mú kí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Mẹ́jọ yìí ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ ní ìpele ìta. Átọ́ọ̀mù kò mọ mẹ́jọ, kò sì ń wá a kiri. Agbára ló ń darí ọ̀rọ̀ náà: èló ni wọ́n ná, èló ló wọlé. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí kò ní máa há ìdè áyọ́ọ̀nù sórí mọ́. (Áyọ́ọ̀nù ni átọ́ọ̀mù, tàbí àkójọ átọ́ọ̀mù, tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tàbí tó ti gbà sí i, tó sì wá ní ṣáájì; àmì òkè bíi ²⁺ ló ń sọ ṣáájì náà.) Yóò lè sọ ìdí tí màgìnísíọ́ọ̀mù fi ń di Mg²⁺ tí kì í di Mg³⁺, ìdí tí iyọ̀ kì í fi í yọ́ nínú páànù gbígbẹ, àti ìdí tí AlCl₃ (àlùmíníọ́ọ̀mù àti kílóríìnì) fi ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Iyọ̀ la ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí ó wà nílé oníkálukú. Kàún àti álọ́ọ̀mù tí a ó mẹ́nu bà wà lórí àtẹ ní Ọjà Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Fún apá tó jẹ́ ti ìwé, ẹ wá tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tó ní nọ́ńbà átọ́ọ̀mù, àti bírò àwọ̀ méjì.

Ẹ kọ́kọ́ pín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sí ìpele

Nọ́ńbà átọ́ọ̀mù sódíọ́ọ̀mù ni 11. Prótọ́ọ̀nù 11 wà nínú kókó rẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 11 sì yí i ká. Ìpele kìíní gba 2, ìkejì gba 8, ọ̀kan tó ṣẹ́ kù bọ́ sí ìpele kẹta. A ó kọ ọ́ báyìí: 2, 8, 1. Kílóríìnì, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17, ni 2, 8, 7. Màgìnísíọ́ọ̀mù (12) ni 2, 8, 2. Ọ́síjìn (8) ni 2, 6. Àlùmíníọ́ọ̀mù (13) ni 2, 8, 3.

Ọ̀nà pípín yìí kò ní já yín kulẹ̀ títí dé kálíṣíọ́ọ̀mù (20), tó jẹ́ 2, 8, 8, 2. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi tipátipá mú irin (26) tàbí kọ́pà (29) wọ inú rẹ̀. Òfin tiwọn yàtọ̀, a ó kan irin níwájú.

Ẹ wo ìpele ìta nìkan. Àwọn tó wà lápá òsì tábìlì ní 1, 2 tàbí 3 níbẹ̀: mẹ́táàlì ni wọ́n, àyàfi háídírójìn. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún lókè ní 5, 6 tàbí 7: wọn kì í ṣe mẹ́táàlì. Héélíọ́ọ̀mù, níọ́ọ̀nù, ágọ́ọ̀nù àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ìparí ọ̀tún kò ní ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí.

Yíyọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára mẹ́táàlì: ìnáwó ni

Ibí ni àṣìṣe ńlá ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní sódíọ́ọ̀mù "fẹ́" jù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ nù, bí ẹni pé ó ń wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kókó átọ́ọ̀mù ní ṣáájì ìròpọ̀ (+), ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ṣáájì ìyọkúrò (−), wọ́n sì ń fa ara wọn. Kí a tó lè já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbà lára sódíọ́ọ̀mù tó ti di gáàsì, 496 kJ (kílójúùlù, òṣùwọ̀n agbára) la máa ná lórí móòlù kan, ìyẹn lórí 23 gíráàmù sódíọ́ọ̀mù.

Bí a bá ní ká já ìkejì gbà ńkọ́? 4562 kJ. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́sàn-án ti àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ wà lókèèrè, ní ìpele kẹta, àwọn mẹ́wàá mìíràn sì wà láàárín òun àti kókó tí wọ́n ń dín agbára tí kókó fi ń fà á kù. Ìkejì wà ní ìpele kejì, ó sún mọ́ kókó, méjì péré ló wà nínú níwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sódíọ́ọ̀mù fi ń dúró sí Na⁺. Mẹ́jọ tó kù ní ìpele ìta rẹ̀ kì í ṣe èrò tó ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ibi tí owó ti wọ́n jù ló dá a dúró síbẹ̀.

Ẹ fi màgìnísíọ́ọ̀mù yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́kọ́ jẹ́ 738 kJ, ìkejì 1451 kJ, ìkẹta 7733 kJ. Ẹ rí ibi tí ó ti fò sókè: láàárín ìkejì àti ìkẹta. Torí náà Mg²⁺ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú nọ́ńbà báyìí síwájú yín nínú ìdánwò láìsọ orúkọ ẹ́límẹ́ǹtì náà, ẹ wá ibi tí ó ti fò. Iye tó ṣáájú ibẹ̀ ni ṣáájì áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

Nígbà tí sódíọ́ọ̀mù bá pàdánù ìpele ìta rẹ̀, ó ń kéré sí i. Átọ́ọ̀mù rẹ̀ ní rédíọ́ọ̀sì (ìwọ̀n láti àárín dé etí) 186 pm; Na⁺ ní 102 pm péré. pm kan jẹ́ ìdá kan nínú tírílíọ̀nù ìdá mítà kan. Ẹ fi nọ́ńbà 102 yìí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Kílóríìnì gbà á, ṣùgbọ́n ohun tó mú wá kò tó

Nígbà tí átọ́ọ̀mù kílóríìnì bá gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, agbára ń jáde: 349 kJ lórí móòlù kan. Prótọ́ọ̀nù 17 rẹ̀ lágbára tó láti fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sí i sí àyè kan tó ṣófo ní ìpele kẹta. Cl⁻ tóbi ju átọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ, torí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 18 ń ti ara wọn sẹ́yìn níwájú prótọ́ọ̀nù 17: láti 99 pm ó di 181 pm.

Ẹ wá ṣe ìṣirò ráńpẹ́. 496 jáde, 349 wọlé. Gbèsè 147 kJ ló kù nílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbí, iyọ̀ kankan kò ní sí láyé. Sódíọ́ọ̀mù kan àti kílóríìnì kan tó jìnnà síra wọn nínú gáàsì kò ní ṣe pàṣípààrọ̀ yìí, torí wọ́n máa jẹ gbèsè ni. Ọ̀pọ̀ ìwé kì í dé ibí yìí, àwa sì rò pé ibí gan-an ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àtòpọ̀ ló ń san gbèsè náà

Ohun tó san gbèsè ni bí Na⁺ àti Cl⁻ ṣe ń kó ara wọn jọ. Ṣáájì tó yàtọ̀ síra ń fa ara wọn, agbára sì ń jáde bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ra. Wọn kì í dúró ní méjì-méjì. Na⁺ kan máa ń ní Cl⁻ mẹ́fà yí i ká: lókè, nísàlẹ̀, lápá òsì, lápá ọ̀tún, níwájú, lẹ́yìn. Cl⁻ kọ̀ọ̀kan náà sì ní Na⁺ mẹ́fà. Bí ó ṣe ń lọ nìyẹn láti etí hóró iyọ̀ kan dé etí kejì. Ní ọdún 1913 ni William Bragg àti ọmọ rẹ̀ Lawrence fi ìtànṣán X ṣe àfihàn ìtò yìí nínú iyọ̀.

Nígbà tí móòlù Na⁺ kan àti móòlù Cl⁻ kan bá tò jọ báyìí láti inú gáàsì, 787 kJ ló ń jáde. Max Born àti Fritz Haber ní Jámánì ló gbé ọ̀nà ìṣirò gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1919. Ẹ tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ, bí alájàpá ṣe ń ṣe ìwé ìnáwó rẹ̀:

1. Sódíọ́ọ̀mù tó le di gáàsì: ẹ ná 107 kJ.
2. Kílóríìnì máa ń rìn ní méjì-méjì, Cl₂. Láti ya ìdajì móòlù rẹ̀ sí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan: ẹ ná 122 kJ.
3. Yíyọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára sódíọ́ọ̀mù: ẹ ná 496 kJ.
4. Kílóríìnì gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù: 349 kJ wọlé.
5. Àwọn áyọ́ọ̀nù tò jọ: 787 kJ wọlé.

Ìnáwó jẹ́ 725. Ohun tó wọlé jẹ́ 1136. Èrè: 411 kJ lórí 58.5 gíráàmù iyọ̀. Agbára yẹn tó láti gbé lítà omi kan láti 25°C dé ìgbà tí yóò hó, yóò sì tún ṣẹ́ kù. Ìdí rèé tí sódíọ́ọ̀mù fi ń jó pẹ̀lú iná pupa rúsúrúsú nínú gáàsì kílóríìnì.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ nínú ìṣirò yìí. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n á fi 244 sí ẹsẹ̀ kejì dípò 122, torí pé wọ́n ya móòlù Cl₂ odindi nígbà tó jẹ́ ìdajì ni NaCl ń lò. (Bí ó bá jẹ́ MgCl₂ ni, odindi la ó lò.) Èkejì ni pé wọ́n á da àmì rú, wọ́n á ro 349 pọ̀ mọ́ ìnáwó. Ẹ ya ọ̀pá méjì sórí ìwé, ìnáwó lápá kan, àbáwọlé lápá kejì, ẹ kò ní ṣìnà.

Nígbà tí ṣáájì bá di méjì-méjì

Ọ́síjìn nílò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì. Àkọ́kọ́ mú 141 kJ wọlé. Ìkejì kò mú nǹkan kan wọlé. Ìnáwó 744 kJ ni, torí O⁻ ti ní ṣáájì ìyọkúrò, ó sì ń ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ dànù. Ẹ fi kún 148 tí a fi sọ màgìnísíọ́ọ̀mù di gáàsì, 738 àti 1451 tí a fi gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ méjèèjì, àti 249 fún átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kan láti inú O₂. Ìnáwó di 3330 kJ. Owó ńlá ni.

Ta ló san án? Àtòpọ̀ MgO ń mú nǹkan bíi 3791 kJ wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti NaCl. Ìlọ́po mẹ́rin ti wá láti inú ṣáájì, torí 2 × 2 ni dípò 1 × 1. Èyí tó kù wá láti inú ìtòsí: Mg²⁺ ní rédíọ́ọ̀sì 72 pm, O²⁻ ní 140 pm, àpapọ̀ wọn 212 pm, nígbà tí ti Na⁺ àti Cl⁻ jẹ́ 283 pm. Ẹ ro 141 mọ́ 3791, ẹ yọ 3330 kúrò, 602 kJ ni èrè.

Ohun méjì yìí, bí ṣáájì ṣe pọ̀ tó àti bí áyọ́ọ̀nù ṣe sún mọ́ra tó, ló ń sọ bí nǹkan yóò ṣe le tó láti yọ́. Iyọ̀ ń yọ́ ní 801°C. MgO di 2852°C kó tó yọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í ṣe bíríkì inú iléru tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Iná ìdáná yín kò lè mú iyọ̀ inú páànù débi tí yóò yọ́. Ohun tí ẹ ń gbọ́ tó ń ta pàrà-pàrà ni omi díẹ̀ tó há sínú hóró iyọ̀, tó ń hó tó sì ń fọ́ ọ.

Yíya àwòrán rẹ̀

Àwòrán yìí rọrùn, síbẹ̀ ibẹ̀ ni máàkì ti ń bọ́ jù. Ẹ lo bírò àwọ̀ kan fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́táàlì (ẹ fi x ṣe é), àwọ̀ kejì fún ti ìkejì rẹ̀ (ẹ fi àmì tótó ṣe é). Ẹ ya átọ́ọ̀mù méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ṣáájú, kí ẹ fa ọfà láti ara x lọ sí ibi tó ṣófo lára kílóríìnì. Lẹ́yìn náà ẹ ya áyọ́ọ̀nù: Na nínú àkámọ́ onígun, pẹ̀lú + lókè lápá ọ̀tún níta, Cl nínú àkámọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú tótó 7 àti x 1, àti − níta.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ yẹra fún: ẹ má jẹ́ kí òbìrìkítí méjèèjì wọ inú ara wọn, torí ìyẹn ni àwòrán ìdè tí wọ́n ti ń pín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lò. Ẹ má gbàgbé àkámọ́. Fún MgCl₂, kílóríìnì méjì ni ẹ ó yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àkámọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú − kan. Bí ẹ bá fi méjèèjì sínú àkámọ́ kan pẹ̀lú 2−, ohun mìíràn lẹ yà. Bákan náà, ẹ má kọ "mólékù NaCl" sí ibì kankan. Kò sí Na⁺ kan tó jẹ́ ti Cl⁻ kan pàtó. NaCl kàn ń sọ pé iye wọn dọ́gba ni.

Kíkọ fọ́múlà

Òfin kan péré ló wà: àpapọ̀ ṣáájì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Al³⁺ àti O²⁻: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ +6, mẹ́ta ìkejì jẹ́ −6, torí náà Al₂O₃. Ọ̀nà "ẹ gbé nọ́ńbà kọjá sí ẹnìkejì" ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ gé e kù lẹ́yìn náà. Ca²⁺ àti O²⁻ yóò di Ca₂O₂ bí ẹ kò bá ṣọ́ra, CaO ni. Bí áyọ́ọ̀nù bá ní ju átọ́ọ̀mù kan lọ, tí ó sì ju ẹyọ kan lọ, àkámọ́ pọn dandan: Ca(OH)₂, Al₂(SO₄)₃. CaOH₂ kì í ṣe ohun kan náà.

Álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń jù sínú omi tó dàrú ni KAl(SO₄)₂·12H₂O. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: +1, +3, àti −2 lẹ́ẹ̀mejì. Òdo ni. Al³⁺ inú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, torí ẹrẹ̀ tó léfòó nínú omi ní ṣáájì ìyọkúrò. Al³⁺ á jẹ́ kí wọ́n lè kó jọ, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì rì sísàlẹ̀. Kàún, tí wọ́n ń fi sí ewédú, jẹ́ Na₂CO₃·NaHCO₃·2H₂O ní èyí tó pọ̀ jù, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ àti iyọ̀ mìíràn. Eérú èèpo kòkó tí wọ́n ń sẹ́ láti fi ṣe ọṣẹ dúdú ní K₂CO₃ púpọ̀.

Dídán an wò lórí tábìlì

Áyọ́ọ̀nù tó wà nínú iyọ̀ gbígbẹ kò lè kúrò lójú kan, torí náà iná kò lè gbà á kọjá. Nínú omi wọ́n lè rìn. Èyí ni ìdánwò tó rọrùn jù láti fi mọ ìyàtọ̀, ohun tí ẹ ó sì lò nìyí:

Bátìrì onígun 9 V kan, gílóòbù LED kékeré pupa, rẹ̀sísítọ̀ 470 Ω, tó ń dín iná tó ń kọjá kù (àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní méjèèjì), wáyà mẹ́ta, pẹ́ńsù méjì tí ẹ gbẹ́ ní orí àti ìdí, ife mímọ́ mẹ́rin, iyọ̀, ṣúgà, omi tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì ọkọ̀. Ẹ ṣọ́ra níbi ìkẹyìn yìí: omi bátìrì àti ásíìdì bátìrì máa ń wà nínú ìgò tó jọra lórí àtẹ kan náà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kí ẹ tó rà á. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gbe omi òjò tó ń rọ̀ tààrà sínú abọ́ ní gbangba, kì í ṣe èyí tó gbà orí páànù ilé.

Ẹ so ìdí + bátìrì mọ́ rẹ̀sísítọ̀, rẹ̀sísítọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ gígùn LED, ẹsẹ̀ kúkúrú mọ́ pẹ́ńsù kan. Pẹ́ńsù kejì lọ sí ìdí − bátìrì. Ẹ fi orí pẹ́ńsù méjèèjì kan ara wọn: iná gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, ẹ yí LED padà kí ẹ tó máa wá àléébù mìíràn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló sábà máa ń wà níwájú.

Ẹ wá dán an wò nínú iyọ̀ gbígbẹ, nínú omi lásán 100 mL, nínú omi 100 mL tí ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà kan sí, àti nínú omi 100 mL tí ẹ po ṣíbí tíì iyọ̀ kan sí. Pẹ́ńsù méjèèjì kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn, kí wọ́n fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà. Iyọ̀ gbígbẹ: òkùnkùn. Omi lásán: òkùnkùn. Ṣúgà: òkùnkùn, torí ó yòrò tán síbẹ̀ kò ní áyọ́ọ̀nù. Omi iyọ̀: iná tàn.

Tí iná bá ń tàn díẹ̀díẹ̀ nínú omi lásán tàbí omi ṣúgà, omi yín ló ní áyọ́ọ̀nù tẹ́lẹ̀. Omi kànga àti omi inú ọ̀rá kì í ṣe H₂O nìkan. Omi kànga tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa kún fún Ca²⁺ tàbí Mg²⁺. Tí iyọ̀ "gbígbẹ" bá tan iná díẹ̀, ó ti mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ yan án nínú páànù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó tutù, kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ kò ní pẹ́ rí ìfófòó lára pẹ́ńsù. Háídírójìn ni ti ìdí −. Ní ìdí +, ẹ lè gbóòórùn kílóríìnì. Gáàsì olóró ni. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fi pẹ́ńsù sínú omi iyọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì lo iná ilé dípò bátìrì láé. Ohun kan tún wà: ẹ má wá ọ̀nà láti fi bílíìṣì àti ásíìdì ṣe kílóríìnì nílé, ẹ má sì wá sódíọ́ọ̀mù kiri. Ó ń búgbàù nínú omi, abẹ́ òróró ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí nínú láàbù.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí ìtò náà, ẹ po iyọ̀ gíráàmù 36 sínú omi gbígbóná 100 mL. Bí iye yẹn bá yòrò tán, omi náà kò fi bẹ́ẹ̀ lè gbà sí i mọ́. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, torí nǹkan tí wọ́n ń fi sí iyọ̀ kí ó má baà dì máa ń jẹ́ kí omi náà dàrú. Ẹ dà á sínú àwo tó tẹ́jú, ẹ fi aṣọ fífẹ́lẹ́ bò ó, ẹ gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Nígbà ọyẹ́ omi ń tètè gbẹ, hóró rẹ̀ á sì kéré. Nígbà òjò ó ń falẹ̀, hóró rẹ̀ á tóbi sí i. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n: onígun mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo wọn, torí bí Na⁺ àti Cl⁻ ṣe tò nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ mú òkúta álọ́ọ̀mù kan, ẹ fi òòlù lù ú: ó fọ́. Ẹ fi òòlù kan náà lu ègé àlùmíníọ́ọ̀mù: ó tẹ́. Nínú álọ́ọ̀mù, lílù á ti ìlà áyọ́ọ̀nù kan kúrò lójú ìlà kejì, + á dojú kọ +, − á dojú kọ −, wọn á lé ara wọn, òkúta á sì ya. Nínú mẹ́táàlì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn káàkiri ń di ìlà wọn mú bí wọ́n tilẹ̀ sún.

Ìṣòro iyọ̀ tó ń rọ̀ nígbà òjò tún fara mọ́ èyí. NaCl tó mọ́ kì í fa omi láti inú afẹ́fẹ́ àyàfi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ju 75% lọ. MgCl₂ díẹ̀ tó wà nínú iyọ̀ tí wọn kò fọ̀ dáadáa ló ń tètè fà á, torí Mg²⁺ kéré, ṣáájì rẹ̀ sì jẹ́ méjì.

Ibi tí òfin "mẹ́táàlì àti èyí tí kì í ṣe mẹ́táàlì" ti ń kùnà

Al jẹ́ mẹ́táàlì, Cl kì í ṣe mẹ́táàlì. Síbẹ̀ AlCl₃ ń di gáàsì ní nǹkan bíi 180°C, èyí tí kò jọ ìwà áyọ́ọ̀nù rárá. Al³⁺ kéré jù, ṣáájì rẹ̀ pọ̀ jù, ó ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Cl⁻ padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ débi tí wọ́n fi ń pín in lò. Lórí òṣùwọ̀n Pauling, tó ń sọ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ìdè sọ́dọ̀ ara rẹ̀ tó, Al jẹ́ 1.61, Cl jẹ́ 3.16, ìyàtọ̀ wọn 1.55. Na (0.93) àti Cl jìnnà síra ní 2.23. Wọ́n máa ń sọ pé bí ìyàtọ̀ bá ju 1.7 lọ, ìdè áyọ́ọ̀nù ni. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má bọ ọ́: háídírójìn (2.20) àti fúlóríìnì (3.98) jìnnà ní 1.78, síbẹ̀ HF kì í ṣe áyọ́ọ̀nù.

NH₄Cl náà wà níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù ni láìní mẹ́táàlì kankan nínú. Irin lè di Fe²⁺ tàbí Fe³⁺, torí náà FeCl₂ àti FeCl₃ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; ẹ gbọ́dọ̀ kọ (II) tàbí (III) sí orúkọ wọn. Ẹ má sì rò pé gbogbo ohun tó ní áyọ́ọ̀nù ló ń yòrò nínú omi. Ìkarahun ìgbín jẹ́ CaCO₃, òjò sì ń rọ̀ lé e lórí láìyòrò.

Ẹ gbìyànjú ìwọ̀nyí

K àti S. Ca àti Cl. Al àti F. Mg àti N. Li àti O. C àti Cl. Ba àti S.

Ìdáhùn: K₂S, CaCl₂, AlF₃ (ìyàtọ̀ 2.37, áyọ́ọ̀nù ni èyí, yàtọ̀ sí AlCl₃), Mg₃N₂, torí N nílò mẹ́ta, Mg sì ń fún ni ní méjì, Li₂O, CCl₄, ṣùgbọ́n wọ́n ń pín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lò ni, ẹ má ya àkámọ́ tàbí ṣáájì sí i, BaS, kì í ṣe Ba₂S₂.